Ilẹ̀ Tí Olútóyìn Fún Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ ilé dára, ta ló ní kò dára? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé náà ló ti Olútóyìn sínú ọ̀fìn ní ìlú Turin nílẹ̀ òyìnbó, tó fi di pé láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tí kò sì lè gbé ojú sókè wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ burúkú ni. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ojo ni, ìyẹn sì yàtọ̀.

Àgbẹ̀ paraku ni Bàbá Akínbọ̀dé. Ìlọrá ni wọ́n ti ń dáko láti kékeré títí irun wọn fi funfun. Olútóyìn nìkan ni ọmọ tó kù fún wọn. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, Bàbá kó lọ sí abà, wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù. Abà yẹn ni wọ́n ṣubú sí lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì ti mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀ ní ọjà Porta Palazzo ní Turin ni Olútóyìn wà nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù. Ó ju òòyà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún lójú àwọn oníbàárà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sáré ìwé tí wọ́n fi ń mú ẹbí wá, kò sinmi títí Bàbá fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹwàá.

Òtútù dé, ilé di àhámọ́. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé ní àdúgbò Barriera di Milano, Olútóyìn, Bàbá, àti Ìfẹ́táyọ̀, ọmọbìnrin Olútóyìn tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń pè ní liceo. Bí ìyá àti ọmọ bá ti jáde, Bàbá a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn a máa wo tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, kò rí nǹkan ṣe. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ yẹn nílé, àánú á ṣe é.

"Olútóyìn," ni wọ́n wí lẹ́yìn Kérésì, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, má sì sunkún. Bí o bá lè bá mi rí ilẹ̀, ì báà ṣe ibi tí ẹní kan lè tẹ́ sí, tí màá máa rí nǹkan fọwọ́ họ, màá dúró tì ọ́. Bí kò bá sí, tí Àjíǹde bá ti kọjá, kí o dá mi padà sílé. Ìdí ọkọ́ ni n ó kú sí, kì í ṣe orí àga."

Olútóyìn sunkún. Ó mọ abà tí wọ́n ń sọ. Ó mọ̀ pé bí Bàbá bá padà síbẹ̀, lọ́jọ́ kan fóònù á tún dún, kò sì ní jẹ́ pé wọ́n kàn ṣubú.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ sí i, Olútóyìn ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti ọjà, ó pàdé Signora Giulia, màmá àgbà tó ń gbé ní àjà kejì, tí ọkọ wọn ti kú. Màmá náà dúró mí, wọ́n ní, "Mo máa ń rí bàbá rẹ lójú fèrèsé, wọ́n sì ń ṣe mí láàánú. Ọkọ mi ní ilẹ̀ kan létí odò Stura, ibi tó ti máa ń gbin tòmátì. Ó ti ṣófo báyìí. Ṣé bàbá rẹ ò ní fẹ́ máa ro ó? Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn."

Inú Olútóyìn dùn dé ẹ̀yìn. Ó ku díẹ̀ kó dì mọ́ màmá náà lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kí ló tẹnu rẹ̀ jáde? "Ah, no, signora. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

"Sicura?" ni màmá náà bi í. Ṣé ó dá a lójú?

Ó ní ó dá òun lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ orúnkún díẹ̀. Signora Giulia mi orí, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà wọn lọ.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ nílé onílé, wàá ní ẹ ṣeun, mo ti yó, kódà bí ìfun rẹ bá ń kọrin. Onílé á ní rárá o, tọ́ ọ wò. Ìwọ á ní ẹ má ṣe wàhálà. Onílé á bínú díẹ̀, á ní ṣé mo gbé májèlé sí i ni? Ìgbà náà lo máa tó fọwọ́. Ọmọ tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ fi ojú bá a wí, bí wọ́n bá sì délé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù. Ohun tí Olútóyìn ṣe nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ó ti gba ilẹ̀ náà tán, ó ku kí màmá rọ̀ ọ́. Ẹ máa ní ó ti pẹ́ ní Turin, ó yẹ kó mọ̀ pé rárá wọn, rárá ni. Òótọ́ ni, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ti fún un ní nǹkan ọ̀fẹ́ rí nílẹ̀ yìí, tí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á?

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó lè mú sùúrù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá, ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ ti wà."

"Ilẹ̀ ti wà bí i ti báwo?"

"Létí odò. Signora Giulia ìsàlẹ̀ ló fún wa."

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó bá àwọn pe àbúrò wọn ní Ìlọrá, Bàbá Irewọlédé, tí Olútóyìn ń pè ní Bàbá kékeré. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pariwo bíi pé wọ́n fẹ́ kí ohùn fúnra rẹ̀ rìn dé ilé. "Ọmọ mi ti fún mi nílẹ̀ ní ìlú òyìnbó! Létí odò! Ẹ̀yin tí ẹ ní wọ́n fẹ́ fi mí pa mọ́ sínú ilé, ṣé ẹ gbọ́?" Gbogbo agboolé gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń hó lẹ́yìn.

Inú báàgì Bàbá ni irúgbìn ti wá, tí wọ́n dì sínú áńkáṣíìfù: ata rodo, tòmátì, àti ìkàn. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ní ìyẹn ò ní wàhálà, bí oòrùn bá dé wọ́n á fọ́n wọn sílẹ̀. Ata ló ń fẹ́ ìtọ́jú, torí ó máa ń lọ́ra láti hù, ìgbà ooru ibí ò sì gùn. Inú ilé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí òtútù tó lọ. Olútóyìn àti Ìfẹ́táyọ̀ lọ ra ilẹ̀ inú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní terriccio, wọ́n gbé e délé. Bàbá wò ó, wọ́n tún wò ó.

"Iyẹ̀pẹ̀ lẹ rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ń ta iyẹ̀pẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ẹ̀rín yẹn ni àkọ́kọ́. Wọ́n kó ike yógọ́ọ̀tì jọ, wọ́n dá ìsàlẹ̀ wọn lu, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ sínú wọn. Wọ́n fi ìka tẹ hóró kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀, bí ẹni tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu ọmọ. Wọ́n tò wọ́n sórí pákó tí wọ́n gbé lé orí ẹ̀rọ amúlégbóná, kí ooru lè ràn wọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí Olútóyìn bá ti kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, ìwúre á dà lé e lórí. "Olútóyìn, bí o ṣe fún mi níbi tí màá fẹsẹ̀ tẹ̀, o ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ibi tí wọ́n ti ń lé àwọn ẹlòmíì, àga ni wọn á fún ọ jókòó. Ọmọ rẹ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ." Ó ń ṣe àmín, àmín náà sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n Signora Giulia ò rọ̀ ọ́. Wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n kíra wọn, màmá sọ̀rọ̀ òtútù, màmá sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ilẹ̀, wọn ò mẹ́nu bà á. Nígbà tó pẹ́, Olútóyìn ò lè mú un mọ́ra. Ó fi ọgbọ́n fà á, ó ní, "Signora, ilẹ̀ yín létí odò ńkọ́? Bàbá mi ń béèrè."

"Ah, ilẹ̀ yẹn?" ni màmá wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Nígbà tí o ní ẹ ò fẹ́, mo fún Davide, ọmọkùnrin tó ń gbé ní ojúlé kejì. Ó ti túlẹ̀ pàápàá! Ó ṣèlérí pé òun á máa fún mi ní tòmátì."

Ẹnu Olútóyìn ń sọ pé ó dára, ó dára gan-an, kò sì gbọ́ ohun tí ẹnu náà ń sọ. Ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Ó ń gòkè lọ, ó sì ti pinnu. Kò sí ohun tó le níbẹ̀: á wọlé, á kúnlẹ̀, á sọ pé, "Bàbá, mo ṣàṣìṣe." Àṣìṣe lásán ni, kì í ṣe irọ́. Ó tún un sọ lọ́kàn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Kò tíì yọ kọ́kọ́rọ́ tó fi gbọ́ ohùn wọn. "Olútóyìn! Olútóyìn, sáré wá! Ó ti yọrí!"

Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sórí ike kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Ata kan ti hù, ó tẹ ọrùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, hóró rẹ̀ ṣì dì mọ́ ọn lórí. Bàbá nàka sí i. "Wò ó. Ata ìyá rẹ. Ọwọ́ ìyá rẹ ló sá a gbẹ. Ṣé o rí i pé ó ń bọ̀ wá sórí ilẹ̀ tí o fún mi?"

Ẹ̀yin ẹ bá mi sọ ọ́ nígbà náà, kẹ́ ẹ wò ó. Olútóyìn ò lè sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àṣìṣe di irọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àfọwọ́fà ni.

Ó wá ilẹ̀ míì o, ẹ má rò pé kò wá. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fún àwọn èèyàn ní ilẹ̀ ọ̀gbìn, wọ́n ní kó kọ orúkọ sílẹ̀, kó máa retí, àwọn tó ti ń retí pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ó pe Bíọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Alessandria, tí àgbàlá wà lẹ́yìn ilé tó háyà. Bíọ́lá ní onílé ti da sìmẹ́ńtì bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo pápá tí tram bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni koríko ń hù lófo, kò sì sí ẹni tó lè bi léèrè.

Nílé, ata ń dàgbà. Bàbá pín wọn sínú ike ńlá. Ike kún orí pákó, wọ́n kún ojú fèrèsé, wọ́n kún orí àpótí bàtà, nígbà tó yá Ìfẹ́táyọ̀ ò rí ibi gbé ìwé rẹ̀ lé mọ́. Torí pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, gbogbo wọn tẹ̀ sí fèrèsé, ni Bàbá bá ń yí wọn padà lójoojúmọ́ kí ẹ̀yìn wọn má baà wọ́. Wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa lọ wo ilẹ̀ náà. Ó ní òjò ń rọ̀. Ó ní yìnyín wà níbẹ̀. Ó ní Signora Giulia ti lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Verona, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Signora Giulia wà ní àjà kejì nísàlẹ̀ wọn gan-an, wọ́n ń se ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ ń gòkè bọ̀.

"Mamma, quando glielo dici?" ni Ìfẹ́táyọ̀ bi í lọ́jọ́ kan nínú ilé ìdáná. Nígbà wo ló máa sọ fún wọn? Ọmọ náà ti bá Signora Giulia sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti gbọ́ ohun gbogbo.

"Gbẹ́nu dákẹ́," ni Olútóyìn wí. Ọmọ gbẹ́nu dákẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹun tán.

Láràárọ̀ ìwúre ń wá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jáde nílé kó má baà kúnlẹ̀, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí kí wọ́n lè wúre fún un. Ó ń jẹ ìwúre tí kò tọ́ sí i, ó sì ń há a lọ́fun. Nínú ṣọ́ọ̀bù, tó bá ń dirun fún ènìyàn, á ṣàdéédé dúró, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú irun náà. Wọ́n á ní, "Auntie, ṣé kò sí?" Á ní kò sí.

Ohun tó wá ṣe ní oṣù kẹta, ẹnu mi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú débi pé omi dì lóde, Bàbá wà nínú yàrá wọn. Olútóyìn dúró níwájú àwọn ike náà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bí gbogbo wọn bá kú, kò sí ohun tí wọ́n máa gbìn, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ilẹ̀. Ó ṣí fèrèsé gbayawu. Afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn ewé náà gbọ̀n. Ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò tíì dé ìdí tram tí ẹ̀rù fi bà á, tó sáré padà gun àtẹ̀gùn wá. Ṣùgbọ́n Bàbá ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti pa fèrèsé, wọ́n dúró sáàárín àwọn ike náà, ọwọ́ wọn lórí.

Kí ọjọ́ náà tó tán, ewé tòmátì ti dúdú, ìkàn ti sọ orí kodò, ata tó wà lẹ́bàá fèrèsé náà sì lọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló kù.

"Olútóyìn, má bínú," ni Bàbá wí. Ẹ gbọ́ o, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́! "Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣí i lánàá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn, tí mo sì gbàgbé rẹ̀. Mi ò rántí pé mo ṣí i. Ṣé o rí i pé arúgbó ti ń dé? O wá ilẹ̀ fún mi, èmi ni mo tún fẹ́ bà á jẹ́."

Olútóyìn ní, "Kò burú, Bàbá." Mo bínú sí i gidi nígbà tí mo gbọ́ ibi yìí, mi ò ní parọ́. Bàbá tún kó hóró tó kù síta, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ń dán fèrèsé wò ní gbogbo ìgbà, wọ́n á tì í, wọ́n á tún padà wá tì í, bí ẹni tí kò gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Àjíǹde kọjá. Oòrùn dé, àwọn igi ẹ̀bá ojú ọ̀nà rúwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Olútóyìn jáde sí pálọ̀, ó bá gbogbo ata náà nínú páálí tí Bàbá ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wọ ẹ̀wù oko tí wọ́n gbé wá láti ilé, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró dè é.

"Ó yá," ni wọ́n wí. "Òní ni. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí, mo lè fo ọgbà."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀rín náà ló ṣẹ́ Olútóyìn. Ó kúnlẹ̀ bíi ti gbogbo òwúrọ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti wúre.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wúre. Kò sí ilẹ̀."

"Ilẹ̀ wo?"

"Èyí tí mo ní mo rí. Kò sí."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí màmá ṣe fi lọ̀ ọ́, bó ṣe ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, bí màmá ṣe gbé e fún Davide. Nígbà tó parí, Bàbá ní, "O kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì rọ̀ ọ́?"

"Wọn ò rọ̀ mí, sà."

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ì bá kọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Wọ́n wá wo páálí ata náà. "Ìgbà wo lo mọ̀ pé ilẹ̀ ti lọ?"

Ibi tó ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ó wo ilẹ̀. "Ọjọ́ tí ata àkọ́kọ́ hù."

Bàbá rọra tú ṣòkòtò tí wọ́n ká, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kejì. "Gbogbo ìwúre yẹn," ni wọ́n wá wí, ohùn wọn ò le rárá, "ìwọ sì ń ṣe àmín sí i."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ ní ẹ máa padà sí abà yẹn. Bàbá, ó tún ku ọ̀rọ̀ kan..."

Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó. Ẹyọ kan tó fún òní."

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ló fẹ́ sọ. Ó dákẹ́. Bí ẹ bá ní ìgbọràn ni, mo ní irọ́ ni: ara ló tù ú pé wọ́n dá a dúró. Òun náà mọ̀ ọ́n lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì kórìíra ara rẹ̀ fún un.

"Gbé ata yìí lọ fún ẹni tó ni ilẹ̀," ni Bàbá wí. "Ata ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kó kú sínú ike."

Ìyá àti ọmọ gbé páálí náà lọ sétí odò. Davide wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ọmọ dáadáa ni, ó yọ̀ gidigidi, ó ń dúpẹ́ títí. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ata náà, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀ ọ́n. Ó gbẹ́ ihò, ó ń tì wọ́n wọlẹ̀ lójú wọn. Ilẹ̀ náà dúdú, ó sì rọ̀. Ọkàn Olútóyìn sọ pé ká ní Bàbá rí ilẹ̀ yìí ni, wọn ì bá fọwọ́ bù ú gbóòórùn. Ìfẹ́táyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú ọ̀nà títí wọ́n fi délé.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Bàbá wà lórí fóònù. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù oko. Wọ́n fi ohùn fóònù síta bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tí gbogbo ilé fi ń gbọ́.

"Irewọlédé, gbọ́ mi," ni wọ́n ń wí. "Ilẹ̀ wà. Ilẹ̀ dáadáa ni ọmọ mi fún mi. Èmi ni mo ní mi ò ṣe mọ́. Ara mi ò gbé e."

Olútóyìn dúró gbagidi. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin kọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá kékeré wí láti Ìlọrá. "Ẹni tó ń na àwọn ọ̀dọ́ nídìí ebè?"

"Ìgbà yẹn ti lọ. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù, mo fi pa odidi tòmátì àti ìkàn. Mi ò sì rántí pé mo ṣí i. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀." Ibi yìí, ohùn wọn ò dún bí ohùn ẹni tó ń parọ́ mọ́. "Nítorí náà, n ò padà sí oko mọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Àlímì tó bá mi pààlà máa dá a. N ó jókòó ti ọmọ mi."

Ohun tó ń wá láti ìgbà Kérésì nìyẹn. Bàbá máa dúró. Ó wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, ó sì dàbí kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Mi ò gbà," ni Bàbá kékeré wí. "Ẹ fún mi ní Olútóyìn. Òun ló máa sọ òótọ́ fún mi."

Bàbá na fóònù sí i. Wọ́n wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, wọ́n mi orí díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń mi orí fún un lọ́mọdé tí wọn ò bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà sí ojú fèrèsé tó ti ṣófo, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ tó kù níbẹ̀ jọ.

"Ẹ kú ilé, Bàbá kékeré."

"Ọmọ mi, má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ò lè roko mọ́? Wọ́n ń gbàgbé nǹkan?"

Bó bá ní rárá, ó ti sọ bàbá rẹ̀ di òpùrọ́ létí àbúrò wọn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ti sọ wọ́n dà. Ìfẹ́táyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Olútóyìn wí. "Wọ́n ń gbàgbé."

Bàbá kékeré kẹ́dùn, wọ́n ní ó mà ṣe o, wọ́n ní kó máa tọ́jú wọn dáadáa, ọmọ gidi ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ní Ìlọrá ti gbọ́ pé Akínbọ̀dé àgbẹ̀ ti di arúgbó tí kò rántí fèrèsé tó ṣí, àti pé ọmọ rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.